Ìrìn àjò míṣọ̀n sí Sierra Leone nínú òjò oṣù keje: ṣé ká lọ, àbí ká sún un síwájú?

Akọ̀wé_Ọ̀dọ́:
Ẹ kú àṣálẹ́ o, ẹ̀yin àgbà, ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi. Ọ̀rọ̀ kan wà nílẹ̀ tí mo fẹ́ kí ẹ bá mi dá sí kó tó pẹ́ jù. Ìjọ wa fẹ́ rán àwa mẹ́sàn-án lọ yọ̀ǹda ara wa fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ní abúlé kan lẹ́yìn ìlú Bo, ní Sierra Leone. Ìjọ kékeré kan tó wà níbẹ̀ ló ránṣẹ́ pè wá. Àárín oṣù keje la fẹ́ gbéra. Iṣẹ́ tí wọ́n kọ sílẹ̀ fún wa pọ̀: ìwàásù ìta gbangba lálaalẹ́, ìtọ́jú ọ̀fẹ́ fáwọn aláìsàn (nọ́ọ̀sì méjì wà nínú wa), kíkọ́ àwọn ọmọ níwèé ní sùkúù abúlé náà, gbígbẹ́ kànga kan àti ṣáláńgá méjì, ká sì kun ilé ìjọsìn wọn lọ́dà.

Òjò ló ń kọ mí lóminú. Ìyá mi ti ní òun ò lọ́wọ́ sí i. Olórí ikọ̀ wa ní tiẹ̀, ẹsẹ Bíbélì nípa ẹni tó ń wo àwọsánmọ̀ ló fi ń dá gbogbo wa lóhùn, ẹni tó bá sì béèrè ọ̀rọ̀ ti di aláìnígbàgbọ́ nìyẹn. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti débẹ̀ rí, ṣé ká lọ ni, àbí ká sún un síwájú? Tá a bá sì máa lọ, kí la gbọ́dọ̀ mú dání? Méjì nínú wa ń ti ìlú ọba bọ̀, ilé làwọn yòókù wà.

Alàgbà_Dúró:
Ẹ sún un sí oṣù kọkànlá tàbí oṣù kìíní. Láti oṣù karùn-ún ni òjò ti ń bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀, ó di ìparí oṣù kẹwàá kó tó rọlẹ̀, oṣù keje àti ìkẹjọ ló sì le jù. Mo wà ní Freetown nínú oṣù kẹjọ nígbà kan. Òjò tó ṣú lálẹ́ Sátidé, a ṣì ń bá a yí ní Túsìdeé. Páànù ilé ìjọsìn ń ké, oníwàásù ń pariwo, ẹni tó wà ní ìjókòó kejì ò gbọ́ nǹkan kan. Ìwàásù ìta gbangba wo lẹ fẹ́ ṣe nínú ìyẹn?

Nọ́ọ̀sì_Alẹ́:
Mi ò ní sọ pé ẹ lọ tàbí ẹ má lọ, ti ìlera ni tèmi. Ibà ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ múra dè. Ibi tí omi bá ti dágún lẹ̀fọn ti ń pamọ, kò sì sí kòtò tí kì í kún nígbà òjò.

Ẹ̀yin méjì tó ń ti ìlú ọba bọ̀, tiyín yàtọ̀ sí ti àwọn yòókù. Agbára tí ara àgbàlagbà ní láti bá ibà jà níbi tó ti ń mú un lọ́dọọdún máa ń dín kù téèyàn bá ti pẹ́ níbi tí kò sí ibà. Ọ̀pọ̀ kì í gbà á gbọ́, torí ilé ni wọ́n bí wọn sí. Ẹ rí dókítà kẹ́ ẹ tó gbéra, yóò kọ oògùn tó ń dènà ibà fún yín. Doxycycline, ojoojúmọ́ ni wọ́n ń lò ó: ẹ ó bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ kan tàbí méjì kẹ́ ẹ tó débẹ̀, ẹ ó sì máa lò ó lọ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́rin lẹ́yìn tẹ́ ẹ bá kúrò. Ẹ jẹun kẹ́ ẹ tó lò ó, ẹ mu omi kọ́ọ̀pù kan lé e, ẹ má sì dùbúlẹ̀ lójú ẹsẹ̀, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ á máa ta yín láyà. Malarone náà wà. Ojoojúmọ́ lòun náà, ọjọ́ méje péré lẹ ó fi lò ó lẹ́yìn ìrìn àjò, àmọ́ owó rẹ̀ ga. Mefloquine, ọ̀sẹ̀ọ̀sẹ̀ ni, ó kéré tán kẹ́ ẹ ti bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ méjì ṣáájú. Ẹni tí wárápá ń ṣe tàbí tí ọpọlọ rẹ̀ ti dààmú rí ò gbọ́dọ̀ sún mọ́ ọn.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà nílé, ẹ bi dókítà bóyá kẹ́yin náà lo oògùn ìdènà. Èyí ó wù kó sọ, kí kálukú ní nẹ́ẹ̀tì olóògùn tirẹ̀ àti ìpara tó ń lé ẹ̀fọn. Kí ikọ̀ ní ohun èlò àyẹ̀wò ibà, èyí tó ń gbé èsì jáde lójú ẹsẹ̀, àti oògùn ibà artemether-lumefantrine tó tó. Tí ara ẹnikẹ́ni bá gbóná, ẹ yẹ̀ ẹ́ wò lọ́jọ́ náà gan-an. Ẹ má sọ pé iṣẹ́ ló rẹ̀ ẹ́.

Àgbo_Ló_Dájú:
Nọ́ọ̀sì, ẹ má dẹ́rù bà wọ́n. Ẹni tí ibà ti ń mú láti kékeré, ibà ti di ará ilé rẹ̀. AS lèmi, kì í mú mi rárá, ìgò àgbo kan ti tó fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Ṣé doxycycline làwọn bàbá wa lò ni?

Nọ́ọ̀sì_Alẹ́:
Ẹ̀gbọ́n, ẹ jẹ́ ká là á. AS máa ń dín ibà líle kù lóòótọ́, kò ní kí ibà má muni. SS ńkọ́? Ibà lè gbé ẹni tó jẹ́ SS dé bèbè ikú láàárín ọjọ́ díẹ̀, ẹni bẹ́ẹ̀ ò gbọ́dọ̀ lọ láìrí dókítà. Nínú ikọ̀ ìjọ, tí àgbà bá ti sọ ní gbangba pé àgbo ti tó, ọmọ tó jẹ́ SS tó ń tijú ò ní lè la ẹnu mọ́. Ohun tó ń bà mí lẹ́rù nìyẹn, kì í ṣe ìgò yín.

Olùkọ́_Fẹ̀yìntì:
Ẹ jẹ́ n gbè Nọ́ọ̀sì lẹ́sẹ̀ níbi ọ̀rọ̀ àwọn bàbá wa. Lọ́dún 1804 ni CMS, ẹgbẹ́ míṣọ́nnárì ìjọ Áńgílíkà, rán àwọn míṣọ́nnárì wọn àkọ́kọ́ sí ìhà ibẹ̀. Ibà gbẹ̀mí wọn débi pé ibojì òyìnbó làwọn Gẹ̀ẹ́sì ń pe etíkun yẹn. Nígbà tó di 1827, wọ́n dá ilé ẹ̀kọ́ Fourah Bay sílẹ̀ kí wọ́n lè kọ́ àwọn ọmọ Áfíríkà tí yóò ṣe iṣẹ́ náà. Ajayi Crowther, ọmọ Òṣoògùn tí ọkọ̀ ogun ojú omi gbà lọ́wọ́ àwọn olówò ẹrú lọ́dún 1822, wà lára àwọn akẹ́kọ̀ọ́ àkọ́kọ́. Ní Sàró, ìyẹn Sierra Leone, ló ti ṣèrìbọmi, ibẹ̀ ló ti kàwé, kó tó padà wá sílé wá wàásù.

Èyí tí àwọn ará ibẹ̀ fọwọ́ ara wọn ṣe ló ń pẹ́. Akọ̀wé, ọmọ mi, mo ka ohun tó o kọ lẹ́ẹ̀mejì, mi ò rí ibi tẹ́nikẹ́ni ti bi ìjọ tó pè yín pé kí ni wọ́n ń ṣe lọ́wọ́ tẹ́ ẹ lè bá wọn gbé.

Ọmọ_Bo_Tẹ́lẹ̀:
Bo ni mo ti ṣiṣẹ́ fún ọ̀pọ̀ ọdún, ẹ jẹ́ kí n sọ tèmi. Alàgbà Dúró, mo bọ̀wọ̀ fún yín, àmọ́ Freetown kọ́ ni Bo. Òkè wà lẹ́yìn Freetown, òkun wà níwájú rẹ̀, ìdí nìyẹn tí òjò tirẹ̀ fi ya tọ̀tọ̀. Òjò Bo pọ̀, ṣùgbọ́n ó ń fúnni láyè. Èèyàn ń ṣiṣẹ́ nínú rẹ̀, àwọn ará ibẹ̀ kì í kó wọlé fún oṣù mẹ́fà.

Ètò yín ló máa ba ìrìn àjò náà jẹ́, kì í ṣe òjò. Ẹ kọ sùkúù sílẹ̀. Ọdún ẹ̀kọ́ Sierra Leone ń bẹ̀rẹ̀ ní oṣù kẹsàn-án, inú oṣù keje ló sì ń parí. Bẹ́ ẹ bá ṣe ń sọ ẹrù kalẹ̀ làwọn ọmọ ń lọ họlidé. Ẹ kọ ìwàásù alaalẹ́ sílẹ̀. Ìrẹsì ló wà lóko, ìgbà tí wọ́n ń roko rẹ̀ nìyẹn, àwọn ọmọdé ń lé ẹyẹ láti ìdájí. Ẹni tó ti bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ látàárọ̀, tí òjò ti pa á lẹ́ẹ̀mẹta, oorun ló ń wá lálẹ́. Tó bá wá gbọ́ ìwàásù yín, ọ̀wọ̀ àlejò ló gbé e wá.

Ọ̀rọ̀ tó wà lọ́kàn mi jù wá nìyí, mi ò sì rí ẹni tó sọ ọ́. Oṣù keje àti ìkẹjọ lebi ń pa àwọn abúlé yẹn. Ìrẹsì èṣí ti tán nínú àká, tuntun ò tíì pọ́n. Àlejò mẹ́sàn-án á wọ ilé pásítọ̀ nígbà yẹn, ìyàwó pásítọ̀ á sì wá ìrẹsì ní gbogbo ọ̀nà, á se ọbẹ̀ ewé gbágùúdá lé e, á gbé e síwájú yín pẹ̀lú ẹ̀rín. Ẹ ó jẹ, ẹ ó yìn ín. Àwọn ọmọ rẹ̀ á dúró lẹ́yìn ilẹ̀kùn, wọ́n á máa ka ìka yín tó ń lọ sínú àwo, torí ohun tẹ́ ẹ bá ṣẹ́ kù ni tiwọn. Mo ti jókòó sídìí irú àwo yẹn, oúnjẹ ò gba ọ̀nà ọ̀fun mi lọ mọ́ lẹ́yìn tí mo gbójú sókè.

Nítorí náà, ẹ dín iye yín kù. Mẹ́rin tàbí márùn-ún ti tó. Ẹ ra àpò ìrẹsì, epo pupa àti iyọ̀ ní Bo kẹ́ ẹ tó wọ abúlé, ìyàwó pásítọ̀ sì ni kẹ́ ẹ gbé e fún, ní kọ̀rọ̀, láìsí fọ́tò. Tẹ́ ẹ bá gbé e fún pásítọ̀ lójú ìjọ, yóò pín in tán níbẹ̀, ìyàwó rẹ̀ á tún máa wá ohun tó máa sè lálẹ́.

Bíríkìlà_Onígbàgbọ́:
Ta ló kọ kànga sínú ètò oṣù keje?! Kànga tí wọ́n bá gbẹ́ nínú òjò, omi á tètè yọ, gbogbo èèyàn á pàtẹ́wọ́, wọ́n á ya fọ́tò. Tó bá di oṣù kẹta, á gbẹ koránkorán. Omi inú ilẹ̀ máa ń gòkè nígbà òjò, kò ní jẹ́ kí ẹni tó ń gbẹ́ ẹ lè sọ̀ kalẹ̀ dé ibi tí omi náà ń sá lọ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Ìparí ẹ̀ẹ̀rùn, oṣù kẹta sí ìkẹrin, ni wọ́n ń gbẹ́ kànga. Ibi tẹ́ ẹ bá ti bá omi nígbà yẹn, omi ò ní tán níbẹ̀.

Ṣáláńgá tún le ju ìyẹn lọ. Ilẹ̀ tó ti mu omi yó máa ń ya lu ẹni tó wà nínú kòtò. Mo ti bá wọn hú èèyàn jáde rí, ìdí nìyẹn tí ohùn mi fi le. Tí omi ilẹ̀ bá sì ti gòkè dé inú ṣáláńgá, ìgbẹ́ á máa bá a lọ sínú kànga. Lọ́dún 2012, kọ́lẹ́rà mú èèyàn tó ju 20,000 lọ ní Sierra Leone, inú òjò ló sì ti gbalẹ̀. Kí ṣáláńgá jìnnà sí kànga tó ọgbọ̀n mítà, ó kéré tán, kó sì wà ní ìsàlẹ̀ rẹ̀, kì í ṣe lókè.

Ti ọ̀dà, mi ò ní sọ púpọ̀. Ògiri tutù kì í gba ọ̀dà, á wú, á bó. Tọ́wọ́ yín bá ń yún yín, ẹ tún páànù tó ń jò ṣe lọ́jọ́ tójò bá dá, ẹ kan àga fún àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ ìsinmi lábẹ́ òrùlé, ẹ la ojú àgbàrá kúrò nídìí ògiri ilé ìjọsìn.

Akọ̀wé_Ọ̀dọ́:
Ẹ ṣé gan-an ni. Orí mi fẹ́ fọ́, àmọ́ ẹ ṣé. Wàhálà tó wà níbẹ̀ ni pé owó kànga ti wà nílẹ̀, àwọn tó dá a sì ń retí fọ́tò ní ọjọ́ ìdúpẹ́ ìkórè. Kí la máa sọ fún wọn? Ti ìtọ́jú ọ̀fẹ́ ńkọ́, ṣé ìyẹn náà ò dáa ni?

Bíríkìlà_Onígbàgbọ́:
Ẹ sọ fún wọn pé oṣù kẹta ni fọ́tò máa dé.

Ìlera_Abúlé:
Ìtọ́jú ọ̀fẹ́ dáa, ọ̀nà tẹ́ ẹ fẹ́ gbà ṣe é ni mo fẹ́ bá yín yẹ̀ wò. Láti oṣù kẹrin ọdún 2010 ni ìjọba Sierra Leone ti kéde pé aláboyún, ìyá ọlọ́mọ tó ń fọ́mú àti ọmọ tí kò tíì pé ọdún márùn-ún ò gbọ́dọ̀ sanwó ìtọ́jú nílé ìwòsàn ìjọba. Ilé ìtọ́jú kékeré kan á wà tí abúlé yẹn ń lọ, nọ́ọ̀sì kan á wà níbẹ̀ tí oògùn ń tán mọ́ lọ́wọ́. Tẹ́ ẹ bá pàgọ́ yín síbòmíràn, tẹ́ ẹ ń pín oògùn aláwọ̀ mèremère, gbogbo èèyàn á sá kúrò lọ́dọ̀ rẹ̀. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta á pé, ẹ ó kó ẹrù yín. Ojú wo ni wọ́n á fi máa wo òun tó ṣẹ́ kù? Inú ilé rẹ̀ ni kẹ́ ẹ ti lọ bá a ṣiṣẹ́, lábẹ́ rẹ̀.

Nọ́ọ̀sì yín ò sì lè fi ìwé àṣẹ ilé ṣiṣẹ́ níbẹ̀ bẹ́ẹ̀. Kí ìjọ tó pè yín kọ̀wé sí ọ́fíìsì ìlera àgbègbè Bo báyìí, kí wọ́n sọ ohun tí wọ́n ń béèrè. Oògùn náà ní òfin tirẹ̀: WHO, àjọ ìlera àgbáyé, ní oògùn ìtọrẹ gbọ́dọ̀ ní ó kéré tán ọdún kan sí i kó tó kọjá ìlò nígbà tó bá gúnlẹ̀. Ẹ má kó àjẹkù oògùn ilé kálukú sínú àpò.

Ọmọ_Bo_Tẹ́lẹ̀:
Mo gbà pẹ̀lú yín, àyàfi ibì kan. Ẹ ò lè fi gbogbo rẹ̀ mọ sínú ilé ìtọ́jú lóṣù keje. Àwọn abúlé kan wà tí odò máa ń gé kúrò, ìyá tí ara ọmọ rẹ̀ ń gbóná á dúró létí omi, á máa wo òdìkejì. Ẹ bi nọ́ọ̀sì yẹn àwọn wo ni kì í rí lójú láti ìgbà tí òjò bá ti bẹ̀rẹ̀, kẹ́ ẹ wá bá a dé ọ̀dọ̀ wọn. Nínú gbogbo iṣẹ́ tẹ́ ẹ kọ sílẹ̀, òun nìkan ni òjò ò bà jẹ́. Òjò gan-an ló mú kó wúlò.

Ìlera_Abúlé:
Òótọ́ ni, ẹ ṣé. Bí wọ́n bá ti wà pẹ̀lú rẹ̀, mo fara mọ́ ọn. Kí wọ́n kọ́ àwọn ìyá ní omi iyọ̀ àti ṣúgà náà, ọ̀nà tó dí ò ní kó má ṣiṣẹ́: omi mímọ́ lítà kan, ṣúgà ṣíbí ìmutíì mẹ́fà, iyọ̀ ìdajì ṣíbí, kí ṣíbí má ga lórí.

Ìyá_Tóbi:
Gbogbo yín ò sọ ti aṣọ, aṣọ ló sì máa fìyà jẹ wọ́n! Aṣọ kì í gbẹ nígbà yẹn. Eṣinṣin kan wà tí wọ́n ń pè ní tumbu, ara aṣọ tútù tá a sá síta ló ń yé sí. Téèyàn bá wọ̀ ọ́, ìdin rẹ̀ á gba awọ ara wọlé. Á kọ́kọ́ dà bí eéwo, á máa yún, á máa ta, tẹ́ ẹ bá wò ó dáadáa ẹ ó rí ihò kékeré kan lórí rẹ̀, ibẹ̀ ló ti ń mí. Ẹ má fi abẹ́rẹ́ tú u. Ẹ fi básílíìnì bò ó kí atẹ́gùn má wọlé, tó bá yá á yọrí síta, kẹ́ ẹ wá rọra fún un jáde lódindi. Kó má bàa dé bẹ́ẹ̀, inú ilé ni kẹ́ ẹ sá aṣọ sí, kẹ́ ẹ sì fi áyọ́ọ̀nù gbígbóná lọ gbogbo rẹ̀, tinú tẹ̀yìn, títí kan pátá àti aṣọ ìnura. Kò síná? Áyọ́ọ̀nù eléèédú wà lọ́jà.

Ẹ mú rénbúùtù, kì í ṣe sálúbàtà, torí ejò máa ń jáde nígbà tí ihò rẹ̀ bá kún. Kẹ́ ẹ mú aṣọ òjò tó gùn kọjá orúnkún, afẹ́fẹ́ á yí agbòjò yín sódì lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Kẹ́ ẹ fi ọ̀rá tó ní síìpù di Bíbélì, fóònù àti ìwé ìrìnnà. Iná sólà kékeré kan fún ẹnì kọ̀ọ̀kan. Ẹ bo oúnjẹ yín mọ́ èkúté, ibà Lassa wà ní ìlà oòrùn orílẹ̀-èdè yẹn, ní ìhà Kenema, Bo ò sì jìnnà síbẹ̀.

Arìnrìn_Etíkun:
Kí n fi ti ọ̀nà kún un. Ẹni tó ní pásípọ́ọ̀tù Nàìjíríà ò nílò físà fún àádọ́rùn-ún ọjọ́, torí ECOWAS. Àwọn méjì tìlú ọba, tó bá jẹ́ pásípọ́ọ̀tù ìlú ọba ni wọ́n fẹ́ lò, kí wọ́n tètè wá físà. Káàdì abẹ́rẹ́ ibà pọ́njú, dandan ni. Ọjọ́ mẹ́wàá lẹ́yìn abẹ́rẹ́ ló tó bẹ̀rẹ̀ sí ṣiṣẹ́, kì í sì í parí mọ́ láti ọdún 2016. Lungi ni pápákọ̀ òfurufú wà, Freetown wà ní òdìkejì omi. Tí ìjì bá ń jà lálẹ́, ẹ má wọ ọkọ̀ ojú omi kékeré, ẹ sùn ní Lungi. Láti Freetown dé Bo, ẹrẹ̀ ni gbogbo ọ̀nà, ẹ ya odindi ọjọ́ kan sọ́tọ̀ fún un.

Ọmọ_Bo_Tẹ́lẹ̀:
Rárá o. Ọ̀dà ni ọ̀nà Freetown sí Bo. Lẹ́yìn Bo lẹrẹ̀ ti ń bẹ̀rẹ̀. Kí ni wọ́n tilẹ̀ fẹ́ wá dé Freetown? Láti Lungi, kí wọ́n gba Port Loko, kí wọ́n já sí Masiaka, kí wọ́n kọrí sí Bo. Wọn ò ní gun ọkọ̀ ojú omi kankan. Kí wọ́n rìn lójú mọmọ. Èyí tó kù láti Bo sí abúlé, kí pásítọ̀ ibẹ̀ wá awakọ̀ tó mọ ọ̀nà náà nígbà òjò, kí wọ́n sì fi ọjọ́ méjì sílẹ̀ láìṣètò nǹkan kan sí i níparí, torí odò lè dá wọn dúró lọ́jọ́ tí wọ́n fẹ́ bọ̀ wálé.

Ti owó, oṣù keje ọdún 2022 ni wọ́n yọ òdo mẹ́ta kúrò lára Leone. Àwọn ará ọjà ṣì máa ń fi ti àtijọ́ pe iye. Tẹ́ ẹ bá gbọ́ iye tó dẹ́rù bà yín, ẹ béèrè pé ṣé ti àtijọ́ ni.

Alàgbà_Dúró:
Ọmọ_Bo, o là mí lóye, mo gbà fún ọ lórí Bo. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá tilẹ̀ máa sùn mọ́jú ní Freetown, kí wọ́n má sùn nílé tó wà ní ẹsẹ̀ òkè tàbí létí ojú àgbàrá. Ní ọjọ́ 14 oṣù kẹjọ ọdún 2017, òkè ya ní Regent láàárọ̀ lẹ́yìn òjò ọjọ́ mélòó kan, àwọn tó kú àtàwọn tí wọn ò rí mọ́ lé ní ẹgbẹ̀rún. Mi ò lè gbọ́ "òjò Sàró" kí n má rántí rẹ̀.

Pásítọ̀_Ẹsẹ̀_Oko:
Ẹ kú ìfẹ́ iṣẹ́ Olúwa. Ohun mẹ́ta. Ẹ má gbé gbohùngbohùn síta kí wọ́n tó mú yín lọ kí olóyè àdúgbò àti ọba àgbègbè náà, èyí tí wọ́n ń pè ní Paramount Chief. Pásítọ̀ ibẹ̀ mọ ohun tí wọ́n ń mú dání.

Èkejì, Mùsùlùmí ló pọ̀ jù ní Sierra Leone, wọ́n sì mọ bí wọ́n ṣe ń bá Kristẹni gbé. Nínú ilé kan náà lẹ ó ti rí Fatmata àti Mary, ọmọ ìyá. Oníwàásù tó bá wá láti òkèèrè wá bú ẹ̀sìn ẹnìkejì, ìjọ tó pè é ló máa jìyà rẹ̀ lẹ́yìn tó bá ti lọ. Mo ti rí ibi tí wọn ò ti bá ọmọ ìjọ ṣòwò mọ́ nítorí ìwàásù alẹ́ kan ṣoṣo.

Ẹ̀kẹta, ẹgbẹ́ awo wà níbẹ̀: Poro fáwọn ọkùnrin, Sande fáwọn obìnrin. Tí wọ́n bá ní ẹ wọlé, kẹ́ ẹ tìlẹ̀kùn, ẹ wọlé kẹ́ ẹ tì í. Ẹni tó bá mọ Orò nílé ò nílò àlàyé. Igbó tí wọ́n bá ní ẹ má wọ̀, ẹ má lọ gbàdúrà níbẹ̀ láti dán agbára wò.

Àgbo_Ló_Dájú:
Pásítọ̀, ó kù díẹ̀ káàtó o. Ṣé ká máa bẹ̀rù igbó ni?

Pásítọ̀_Ẹsẹ̀_Oko:
Àlejò ni yín, ẹ̀gbọ́n. Igbó onílé ni.

Akọ̀wé_Ọ̀dọ́:
Ẹ̀yin ará, mo ti padà dé. Mo fi ọ̀rọ̀ yín ránṣẹ́ sí pásítọ̀ tó pè wá, ó sì pè mí lórí fóònù fúnra rẹ̀. Ó ní àwọn kọ ọ̀rọ̀ kànga torí wọ́n ti gbọ́ pé nǹkan táwọn àlejò fẹ́ràn láti ṣe nìyẹn. Ohun tí òun ń wá gan-an ni ẹni tó máa kọ́ àwọn olùkọ́ ilé ẹ̀kọ́ ìsinmi rẹ̀, àti páànù ilé ìjọsìn tó ń jò. Nọ́ọ̀sì ilé ìtọ́jú wọn sì ní òun á dúpẹ́ tí ẹnì kan bá lè bá òun dé òdìkejì odò.

Àwa márùn-ún la máa lọ, kàfíńtà kan wà nínú wa. Owó kànga á wà ní báńkì di oṣù kẹta. Olórí ikọ̀ wa ṣì ń fajú ro nítorí ìwàásù ìta gbangba, ó ní a sọ míṣọ̀n di iṣẹ́ káfíńtà. Kò tíì sọ fún mi bóyá òun ń bá wa lọ. Ìyá mi ní kí n bá òun dúpẹ́ lọ́wọ́ Ìyá_Tóbi, ó ti lọ ra rénbúùtù.

Nọ́ọ̀sì_Alẹ́, ìbéèrè kan ló kù, mà. Ọ̀kan nínú àwọn tó ń ti ìlú ọba bọ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ fún mi pé òun ní oyún oṣù mẹ́rin. Ó ṣì fẹ́ lọ, torí òun ló mọ ẹ̀kọ́ àwọn ọmọdé jù nínú wa. Oògùn wo ló lè lò?

Nọ́ọ̀sì_Alẹ́:
Kó má lọ. Ibà nínú oyún lè pa ìyá, ó lè ba oyún jẹ́, pàápàá lára ẹni tó ti pẹ́ níbi tí kò síbà. Doxycycline ò sí fún un, wọn kì í sábà fún aláboyún ní Malarone. Dókítà lè fún un ní mefloquine tí ìrìn àjò bá pọn dandan, àmọ́ tiyín yìí ò pọn dandan. Kó kọ gbogbo ẹ̀kọ́ àwọn ọmọdé náà sílẹ̀, kó kọ́ ẹnì kan nínú yín lórí fóònù láti ìsinsìnyí, kẹ́yin gbé e lọ.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ sì máa lọ, tí ara yín bá gbóná lẹ́yìn tẹ́ ẹ bá padà dé, ì báà tó oṣù méjì tàbí mẹ́ta, ohun àkọ́kọ́ tẹ́ ẹ máa sọ fún dókítà ni pé ẹ ti Sierra Leone dé. Ẹ má dúró kó béèrè.